Kí Ẹ Tó Ra Ọ́tánétọ̀ Tuntun: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Tí Ọkọ̀ Àtijọ́ Kò Fi Ṣáàjì

Tí bátìrì ọkọ̀ tó ti pẹ́ bá ń kú léraléra, bátìrì tuntun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń rà. Tí ìyẹn náà bá kú, wọ́n á ra ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì. Ọkọ̀ á rìn fún ọjọ́ díẹ̀, á tún dákú, nítorí pé wáyà kan tó ti dípẹtà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń fa gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wo ibẹ̀. Mítà kékeré kan tó láti mọ ibi tí àìsàn wà kí owó tó jáde lápò. Ọkọ̀ àtijọ́ tilẹ̀ dára fún irú iṣẹ́ yìí: kò sí kọ̀ǹpútà tó ń darí ṣáàjì rẹ̀, ohun gbogbo wà níta, ọwọ́ ń tó o.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ní ṣókí

Iṣẹ́ bátìrì ni láti ṣíná ọkọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde, ọ́tánétọ̀ ló yẹ kó máa gbé gbogbo iná tí ọkọ̀ ń lò, kó sì dá ohun tí sítátà jẹ padà sínú bátìrì. Bẹ́líìtì ló ń yí i. Iná díẹ̀ ń gba orí kábọ́ọ̀nù méjì wọ inú rotor, ìyẹn apá tó ń yí nínú ọ́tánétọ̀, rotor á di mágínẹ́ẹ̀tì, yíyí tó ń yí ló sì ń bí iná nínú kọ́ìlì tó yí i ká. Iná yẹn ń lọ ń bọ̀, bátìrì kò lè lò ó bẹ́ẹ̀. Dáóòdù ló ń sọ ọ́ di èyí tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Rẹ́gúlétọ̀ ló ń dín iná tó ń wọ rotor kù tàbí kó fi kún un, kí fólítì má bàa kọjá ààlà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àwọn ọdún 1960, rẹ́gúlétọ̀ jẹ́ àpótí kékeré tí wọ́n dè mọ́ bọ́dì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e wọ inú ọ́tánétọ̀. Ẹ wo èyí tí tiyín jẹ́ báyìí, ìdánwò kan ń bọ̀ níwájú tó dá lé e.

Nítorí pé bátìrì lè dá gbé ẹ́ńjìnnì ró fún ìgbà díẹ̀, ọkọ̀ tí ọ́tánétọ̀ rẹ̀ ti kú pátápátá ṣì lè rìn jìnnà díẹ̀ kó tó dúró. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi máa ń dá bátìrì lẹ́bi.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe

Bátìrì tó ń gba ṣáàjì máa ń tú gáàsì háídírójìn, èyí tó lè bú gbàmù bí iná kékeré bá kàn án. Kò sí sìgá, kò sí ìṣáná lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Irin tó bá kan pọ́sítíìfù àti bọ́dì lẹ́ẹ̀kan náà á pọ́n kí ẹ tó lè fà á kúrò. Ẹ jìnnà sí fáànù àti bẹ́líìtì. Tí ẹ bá fẹ́ tú bátìrì, nẹ́gẹ́tíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, òun náà ni kí ẹ dè kẹ́yìn. (Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan wà, pàápàá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ bọ́dì. Nínú irú wọn, èyí tó so mọ́ bọ́dì náà ni ẹ ó kọ́kọ́ yọ, ẹ ó sì máa yí ẹnu mítà padà nínú àwọn ìdánwò ìsàlẹ̀ yìí.)

Àṣà kan wà tí mo kórìíra: kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹnì kan fa hẹ́ẹ̀dì bátìrì yọ, kó ní, “Ẹ ò rí i, kò kú, ọ́tánétọ̀ dára.” Bátìrì ló ń gba fólítì tó bá fò sókè lójijì mọ́ra. Tí ẹ bá yọ ọ́ nígbà tí ọ́tánétọ̀ ń tú iná jáde, fólítì lè fò kọjá ohun tí dáóòdù àti rẹ́gúlétọ̀ lè gbà, kó sì pa rédíò mọ́ wọn. Ìdánwò náà kò sì sọ nǹkan kan fún yín, torí pé ọ́tánétọ̀ tí ọ̀kan nínú dáóòdù rẹ̀ ti jó ṣì lè gbé ẹ́ńjìnnì ró. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lórí ọkọ̀ yín, ẹ ní kó gbọ́wọ́ ńlẹ̀.

Irinṣẹ́ kò pọ̀: mítà oní-nọ́ńbà, sípánà, búrọ́ọ̀ṣì onírin, sáńpépà kíkúnná, ṣájà bátìrì, ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì tó ń bo ojú.

Ẹ kọ́kọ́ bi dáṣíbọ́ọ̀dù léèrè

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì ṣíná. Iná pupa tó ní àwòrán bátìrì gbọ́dọ̀ tàn. Tí kò bá tàn, ẹ má ṣe dúpẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, inú gílóòbù yẹn gan-an ni iná àkọ́kọ́ ń gbà dé rotor. Tí gílóòbù bá ti jó, tàbí wáyà rẹ̀ ti já, tàbí kábọ́ọ̀nù ti jẹ tán, rotor kò ní di mágínẹ́ẹ̀tì, ọ́tánétọ̀ tó dára á sì máa yí lásán. Nígbà míì ó máa ń jí tí ẹ bá tẹ tọ́tù gidigidi, á wá ṣáàjì títí ẹ ó fi pa ọkọ̀. Àwọn tó ń fi gílóòbù LED rọ́pò ti àtijọ́ náà ń bá ìṣòro yìí pàdé: iná tí LED ń jẹ kéré jù láti jí ọ́tánétọ̀. Ẹ dá gílóòbù àtijọ́ padà síbẹ̀.

Tí iná pupa bá tàn tí kò sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti dìde, ọ́tánétọ̀ kò ṣáàjì, tàbí kó jẹ́ pé bẹ́líìtì ti já. Tó bá ń tàn ráúráú, pàápàá nígbà tí ẹ bá tan iná iwájú, ẹ fura sí dáóòdù tàbí wáyà tí kò gbé iná dáadáa mọ́. Gílóòbù tó ń jó lemọ́lemọ́, omi bátìrì tó ń gbẹ kíákíá, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: ṣáàjì ti pọ̀ jù nìyẹn. Kí iná iwájú mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù kì í ṣe àìsàn nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́.

Ojú àti ọwọ́, kí mítà tó jáde

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì níbi tó ti gùn jù láàárín púlì méjì. Kó rọ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bíi 10 sí 13 mílímítà, kó má jù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ di abẹ fáànù kékeré tó wà níwájú ọ́tánétọ̀ mú, kí ẹ gbìyànjú láti fọwọ́ yí i. Tó bá ń yọ̀ lórí bẹ́líìtì, bẹ́líìtì kò dì í mú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì tó bá ń dán bíi gíláàsì, kí ẹ sì wo bí bẹ́líìtì onígun ṣe jókòó nínú púlì: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó máa dì mú. Tó bá ti jẹ débi pé ìdí rẹ̀ ti kan ìsàlẹ̀ púlì, bó ti wù kí ẹ fà á le tó, á máa yọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Fífà á le jù náà ń pa bẹ́ríìnì ọ́tánétọ̀ àti ti pọ́ǹpù omi.

Hẹ́ẹ̀dì bátìrì ń tan èèyàn jẹ. Òde rẹ̀ lè mọ́ tónítóní, kí inú rẹ̀ tó kan òjé bátìrì ti dúdú. Ẹ yọ méjèèjì, ẹ fi omi gbígbóná àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì fọ ìdọ̀tí funfun àti aláwọ̀ ewé kúrò, ẹ ha inú hẹ́ẹ̀dì àti orí bátìrì títí òjé á fi dán. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi sódà wọ inú bátìrì.

Wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tí iná ń gbà padà sọ́dọ̀ bátìrì, ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò jù lọ. Méjì ló sábà máa ń jẹ́: èyí tó so bátìrì mọ́ bọ́dì, àti èyí tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì tàbí mọ́ bátìrì. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, rọ́bà kò sì gbé iná, nítorí náà wáyà kejì yìí ni ẹsẹ̀ tí gbogbo iná ọ́tánétọ̀ fi ń rìn. Tó bá jẹra, iná á wá ọ̀nà mìíràn: á gba wáyà tọ́tù tàbí ti kílọ́ọ̀ṣì padà. Tí wáyà tọ́tù bá gbóná tàbí tó ń há nígbà tí ẹ bá ń fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì, ẹ ti rí ibi tí àìsàn wà láìgbé mítà. Ẹ tú ìdè wáyà ẹ́ẹ̀tì náà, ẹ ha ìpẹtà àti ọ̀dà kúrò títí irin á fi hàn, kí ẹ tún un dè.

Wáyà kúkúrú kan tún wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nítòsí bátìrì tàbí sítátà, tí wọ́n ṣe kó lè jó bíi fíúùsì. Irin inú rẹ̀ lè ti yọ́ kí awọ òde ṣì wà pérépéré. Ẹ fà á díẹ̀: tó bá ń nà bíi rọ́bà, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́.

Bátìrì kọ́kọ́ jẹ́jọ́

Ẹ kò lè dá ẹjọ́ ọ́tánétọ̀ pẹ̀lú bátìrì tó ti kú. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sinmi fún wákàtí díẹ̀, tàbí kí ẹ tan iná iwájú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ẹ sì pa á, kí ṣáàjì tó kàn wà lójú lásán lè kúrò. Ẹ gbé mítà sórí DC 20 (ti iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo), ẹnu pupa sórí pọ́sítíìfù, dúdú sórí nẹ́gẹ́tíìfù. 12.6 fólítì ni bátìrì tó kún. 12.4 ti dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin, 12.2 ti dé ààbọ̀, 12.0 sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tí ẹ bá rí nǹkan bíi 10.5 tí kò sì gòkè lẹ́yìn tí ṣájà ti wà lórí rẹ̀ títí, yàrá kan nínú mẹ́fà ti kú, bátìrì náà ti parí. Èyí tó bá wà lábẹ́ 12.4, ẹ fi ṣájà kún un kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ẹ tún wò ó lábẹ́ iṣẹ́. Ẹ yọ wáyà kékeré tó ń gbé iná wá sí kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná (kì í ṣe ti inú ọ́tánétọ̀) kí ẹ́ńjìnnì má bàa dìde, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá nígbà tí ẹ̀yin ń wo mítà. Bátìrì tó dára kò ní já sí ìsàlẹ̀ 9.6 níbi tí òtútù kò bá ti mú jù.

Ẹ́ńjìnnì ti dìde, kí ni mítà wí?

Ẹ dá wáyà kọ́ìlì padà, ẹ ṣíná, ẹ pa gbogbo iná àti rédíò. Ẹ tẹ tọ́tù díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì wà láàárín ìyípo 1,500 sí 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì ka fólítì lórí bátìrì. Láàárín 13.8 sí 14.5 ló dára. Ọkọ̀ tí rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́ tó ń ṣí tó ń pa dé lè rẹlẹ̀ díẹ̀ lórí sílò (nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí ẹ kò tẹ tọ́tù), ìyẹn kò burú. Nọ́ńbà náà tún máa ń ga nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, á sì dínkù bí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe ń gbóná.

Lẹ́yìn èyí, ẹ di ẹrù rù ú: iná iwájú tó ga, fáànù inú ọkọ̀, wápà. Tó bá ṣì wà ní 13.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ́tánétọ̀ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹ fò lọ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ iná tó ń jò lóru. Tó bá dára láìsí ẹrù ṣùgbọ́n tó já wálẹ̀ nígbà tí ẹrù dé, bẹ́líìtì, wáyà tàbí dáóòdù ni. Tí kò bá kúrò ní 12.6, tó tilẹ̀ ń lọ sílẹ̀, kò sí ṣáàjì rárá. Tó bá kọjá 15, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kíákíá kó má baà sè bátìrì. Nínú ọkọ̀ tí rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀ wà níta, ẹ má tíì jù ú nù: ara àpótí rẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bóòtù tó dè é mọ́ bọ́dì ló sì ń gbé e. Tí ìpẹtà bá wọ àárín wọn, rẹ́gúlétọ̀ á rí fólítì tó kéré ju èyí tó wà níbẹ̀ lóòótọ́, á wá máa pàṣẹ fún ọ́tánétọ̀ kó fi kún un. Ẹ ha abẹ́ rẹ̀ ná.

Ibi tí fólítì ń sọnù sí

Ìdánwò yìí ló ń dá owó àwọn èèyàn sí jù lọ, òun sì ni wọ́n máa ń fò. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wà lórí 1,500 sí 2,000, kí iná iwájú àti fáànù máa ṣiṣẹ́. Láìsí ẹrù, ìdánwò náà kò ní fi nǹkan kan hàn. Ẹ gbé ẹnu pupa mítà sórí bóòtù ńlá tó wà lẹ́yìn ọ́tánétọ̀, dúdú sórí òjé pọ́sítíìfù bátìrì fúnra rẹ̀, kì í ṣe sórí hẹ́ẹ̀dì. Ohun tí ẹ ń kà ni fólítì tó sọnù lójú ọ̀nà. 0.2 tàbí 0.3 kò burú. Tí ẹ bá rí 0.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wáyà tàbí ìdè kan ló ń jẹ ẹ́. Ẹ máa sún ẹnu dúdú bọ̀ sọ́dọ̀ ọ́tánétọ̀ láti ìdè kan dé èkejì. Ibi tí nọ́ńbà bá ti já wálẹ̀ lójijì, ẹ ti kọjá ibi tó bàjẹ́.

Ẹ ṣe bákan náà fún ẹ̀gbẹ́ ẹ́ẹ̀tì: ẹnu pupa sára irin ọ́tánétọ̀ níbi tí kò sí ọ̀dà, dúdú sórí òjé nẹ́gẹ́tíìfù. Kó má kọjá 0.2.

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ Chrysler, Dodge tàbí Plymouth ti àwọn ọdún 1960 sí 1970 ní ìdí àfikún láti ṣe èyí. Gbogbo iná ṣáàjì nínú ọ̀pọ̀ wọn ń gba ìdè tó la ògiri ẹ́ńjìnnì kọjá, ó ń dé mítà ámpíà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kó tó padà sọ́dọ̀ bátìrì. Ìdè náà máa ń gbóná títí á fi yọ́. Kí ẹ wá lọ ra ọ́tánétọ̀ tó lágbára jù kí ẹ dè é mọ́ wáyà àtijọ́ yẹn jẹ́ fífi ọwọ́ ara ẹni wá iná.

Tí ọ̀nà bá mọ́, tí ṣáàjì kò sì wá

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìṣíná. Ẹ mú ẹnu sukudíráfà súnmọ́ bẹ́ríìnì ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀. Tí iná bá ń dé rotor, ẹ ó rí i pé ó ń fa irin náà mọ́ra. Tí kò bá fà, iná kò dé inú: gílóòbù, wáyà rẹ̀, rẹ́gúlétọ̀ tàbí kábọ́ọ̀nù ni. Tó bá fà, tí kò sì ṣáàjì, ẹ wo dáóòdù àti kọ́ìlì inú ọ́tánétọ̀.

Láti mọ̀ bóyá rẹ́gúlétọ̀ òde ló kú tàbí ọ́tánétọ̀, a lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Oríṣi méjì ló wà. Nínú ọ̀kan, rẹ́gúlétọ̀ ló ń fún ẹnu F (ibi tí iná ń gbà wọ rotor) ní iná. Ẹ yọ wáyà rẹ̀, ẹ fi wáyà kan so F mọ́ pọ́sítíìfù. Nínú èkejì, rotor ti ní iná tẹ́lẹ̀, ẹ́ẹ̀tì ni rẹ́gúlétọ̀ ń fún un. F ni ẹ ó so mọ́ bọ́dì. Tí ẹ kò bá mọ èyí tí tiyín jẹ́ nínú ìwé ọkọ̀ náà, ẹ má ṣe é. Ẹ tan iná iwájú, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ga díẹ̀ ju sílò lọ, ojú yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lára mítà, kí ẹ sì já a kó tó dé 16. Tí fólítì bá gun òkè, ọ́tánétọ̀ dára, rẹ́gúlétọ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ni ẹlẹ́bi.

Fún dáóòdù, ẹ gbé mítà sórí AC (ti iná tó ń lọ ń bọ̀), ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, iná iwájú ń tàn, ẹnu méjèèjì lórí bátìrì. Ohun tó bá ju 0.5 lọ fi hàn pé dáóòdù kan ti jó. Àwọn mítà kan máa ń pa irọ́ níbí: ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tún wò ó. Tí nọ́ńbà ńlá bá ṣì wà níbẹ̀, mítà ni kí ẹ pààrọ̀.

Kí ẹ tó jù ọ́tánétọ̀ nù, ẹ tú kábọ́ọ̀nù rẹ̀ wò. Èyí tó bá ti kéré sí mílímítà márùn-ún ti tó pààrọ̀, kò sì ju iṣẹ́ kékeré lọ. Ẹ fi sáńpépà kíkúnná nu òrùka méjì tí kábọ́ọ̀nù ń rìn lé. Mítà láàárín òrùka méjèèjì sábà máa ń ka óòmù díẹ̀. Tí kò bá ka nǹkan kan, wáyà rotor ti já. Láàárín òrùka àti ọ̀pá irin rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀nà rárá.

Ó ń ṣáàjì dáadáa, àmọ́ ó ń kú lóru

Nǹkan kan ló ń jẹ iná nígbà tí ẹ sùn. Ẹ pa ohun gbogbo, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ yọ nẹ́gẹ́tíìfù, ẹ fi ẹnu wáyà pupa mítà sínú ihò 10A, kí ẹ so mítà sáàárín hẹ́ẹ̀dì tí ẹ yọ àti òjé bátìrì. Ẹ má ṣíná o, fíúùsì mítà á jó. Ọkọ̀ àtijọ́ tó jẹ́ pé aago nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò yẹ kó jẹ ju mílíámpíà díẹ̀. Ohun tó bá kọjá 50, ẹ wá a. 500 mílíámpíà á jẹ ámpíà-wákàtí 12 ní ọjọ́ kan, èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin bátìrì ámpíà-wákàtí 45 lọ.

Ẹ máa yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà á fi já. Iná búùtù tí kì í kú, rédíò tàbí àláàmù tí ẹnì kan fi wáyà tirẹ̀ so lẹ́yìn, ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Tí gbogbo fíúùsì bá ti jáde tí nọ́ńbà kò yí padà, ẹ yọ mítà kúrò, ẹ tú wáyà ńlá ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀, ẹ fi nǹkan bò ó, kí ẹ tún so mítà. Tó bá já báyìí, dáóòdù ló ń jò.

Fún àwọn tó ní dínámò

Ọkọ̀ tó ṣáájú àwọn ọdún 1960 sábà máa ń ní dínámò dípò ọ́tánétọ̀. Valiant tí Chrysler gbé jáde fún ọdún 1960 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yí padà. Dínámò kò ṣáàjì lórí sílò, nítorí náà iná pupa tó ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ dúró kì í ṣe àrùn. Ẹ wo kábọ́ọ̀nù rẹ̀ àti bàbà tó ń rìn lé, kí ẹ mọ̀ pé ó lè gba pé kí ẹ tún fi ọ̀nà iná hàn án tí ẹ bá tú u tàbí yí bátìrì padà. Ìwé ọkọ̀ á sọ bí.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Ẹ fi ṣájà kún bátìrì kí ẹ tó ṣíná pẹ̀lú ọ́tánétọ̀ tuntun. Ọ́tánétọ̀ tí ẹ bá ní kó jí bátìrì tó ti kú pátápátá á máa ṣiṣẹ́ ní ìpẹ̀kun agbára rẹ̀, ooru ló sì ń pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ tún gbogbo ìdánwò mítà ṣe: bátìrì lásán, sílò, 2,000 láìsí ẹrù, 2,000 pẹ̀lú ẹrù, àti fólítì tó sọnù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà náà pẹ̀lú ọjọ́ sórí téèpù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà míì tí iná pupa bá tàn, nọ́ńbà ọkọ̀ yín gan-an ni ẹ ó fi wé.